Omi Lásìkò Òdòdó Lóko Ata àti Tòmátì

Òdòdó ni ó ń di èso lórí ata àti tòmátì. Èyí tí ó bá já bọ́ kí ó tó so, owó àgbẹ̀ ni ó bá a lọ. Ní Ìkòyí-Ilé, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríire, àti káàkiri agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìṣòro yìí le jù. Òjò a máa dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹwàá, ó sì di nǹkan bí oṣù Kẹrin kí ó tó padà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní gbogbo àárín ìgbà náà, àkùrọ̀ àti etí odò ni ó dára fún ata àti tòmátì, ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni omi ń gbà dé ìdí ọ̀gbìn.

Tòmátì máa ń tanná ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i lọ sí orí ebè. Ata máa ń pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ àti abo jọ ń gbé inú òdòdó kan náà ni. Lára akọ ni lẹ́búlẹ́bú kan wà tí ó rí bí àtíkè. Òun ni ó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí abo kí èso tó lè wà. Afẹ́fẹ́ tí ń mi igi, àti àwọn ìbátan oyin tí ń kùn lára òdòdó, ni wọ́n ń gbọ̀n ọ́n sílẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ omi ti wọlé. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá tutù, yóò lẹ̀ pọ̀, kò ní í gbọ̀n sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì mú un gbẹ jù, kò ní í lẹ̀ mọ́ ara abo. Ooru pàápàá ń pa á. Tòmátì fẹ́ kí ooru ọ̀sán wà láàárín 21 sí 29 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí ó bá kọjá 35 lọ́sàn-án, tàbí tí òru kò bá tutù tó 24, òdòdó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ọ̀sán Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń súnmọ́ 35, ìgbà mìíràn a sì kọjá rẹ̀. Nítorí náà, ó sàn kí wọ́n gbìn ní kété tí òjò bá ń dáwọ́, kí òdòdó lè bọ́ sí oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí òru tutù. Kò sí iye omi tí a lè bù tí yóò tán ooru oṣù Kẹta. Irú tòmátì tí ó lè fara da ooru ni ó kù láti wá, a sì lè bèèrè irú bẹ́ẹ̀ ní NIHORT ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975.

Ní ọrùn òdòdó tòmátì, oríkèé kékeré kan wà tí a lè fojú rí. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ igi náà, ibẹ̀ ni ó ti ń já òdòdó sílẹ̀, kí ó lè fi ìwọ̀nba omi tí ó kù tọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi àpọ̀jù náà ń ṣe ohun kan náà. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní í ráyè wọlé, gbòǹgbò yóò máa rà, ewé yóò sì rọ bí ẹni pé omi kò tó o. Àgbẹ̀ tí kò bá yẹ ilẹ̀ wò yóò tún bu omi sí i, yóò sì parí iṣẹ́ tí omi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Yíyẹ ilẹ̀ wò kò gba ohun èlò kankan. Kí wọ́n ki ìka bọ ìdí ọ̀gbìn dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Bí ó bá gbẹ, àsìkò omi ti tó. Lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ tí tòmátì ti ń tanná máa ń fẹ́ nǹkan bí lítà 4 sí 6 lójúmọ́ fún mítà kan níbùú lóròó. Ebè tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, yóò gba nǹkan bí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í pa omi mọ́, nítorí náà ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bomi rin ín. Ilẹ̀ àkùrọ̀ tí ó ní amọ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí wọ́n sì pa omi ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sí ìdí ọ̀gbìn ń dín omi tí oòrùn ń fà kù, ó sì ń dín ìrìn ẹni tí ń pọnmi náà kù.

Òwúrọ̀ kùtù ni àsìkò tí ó dára jù, ìdí igi sì ni ibi tí ó yẹ kí omi lọ. Wíwọ́n omi sórí ewé àti òdòdó bí ìrì wọ́pọ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí pé ojú ewé tí ó gbẹ, tí eruku sì bò, ń ṣe ènìyàn láàánú. Àǹfààní rẹ̀ kéré. Lọ́sàn-án, omi náà a gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lálẹ́, yóò wà lára ewé di òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ àrùn olú, irú èyí tí ń fi àmì dúdú olóbìírípo sára ewé tòmátì, nílò ewé tí ó tutù fún wákàtí bíi mélòó kan kí ó tó lè hù. Omi tí ó bá sì ta láti ilẹ̀ sára ewé ìsàlẹ̀ ń gbé kòkòrò àrùn gòkè. Ewu mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí: ẹ̀rọ ìfọ́noògùn tí wọ́n fi fín oògùn apakoríko lánàá ni àwọn mìíràn ń rọ omi sí lónìí. Ìwọ̀nba oògùn tí ó kù nínú rẹ̀ tó láti ká ewé tòmátì kò. Ọmọ ọ̀gbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n irúgbìn rẹ̀ ni wíwọ́n omi yẹ fún.

Nínú ilé ọ̀gbìn tí a fi ọ̀rá àti àwọ̀n bò, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ díẹ̀. Ooru inú rẹ̀ máa ń ju ti ìta lọ, afẹ́fẹ́ kò sì tó láti mi òdòdó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àárín ebè ni wọ́n ń wọ́n omi sí níbẹ̀ bí oòrùn bá gan, kì í ṣe ara ọ̀gbìn, kí inú ilé lè tutù. Wọ́n a ṣí ẹ̀gbẹ́ ilé náà sílẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa dúró. Lẹ́yìn èyí, wọ́n a fi ọwọ́ gbá okùn tí wọ́n fi gbé igi ró díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bí aago 10 sí ọ̀sán, nígbà tí lẹ́búlẹ́bú ti gbẹ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lu ihò sí, tí ń kán omi tó-tó-tó sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ni ó bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu jù.

Bí òdòdó bá ti di èso, omi tí kò dọ́gba ni ọ̀tá tí ó kù. Ìdí èso tòmátì á dúdú, á sì tẹ̀ wọnú, àwọn ènìyàn á ní kòkòrò ni. Kì í ṣe kòkòrò. Kálísíọ́ọ̀mù ni kò dé ọ̀dọ̀ èso, omi nìkan ni ó sì ń gbé e kiri inú igi. Bí ilẹ̀ bá gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n wá dà á rẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Èèpo ẹyin tí àwọn kan ń dà sí ìdí rẹ̀ kì í tètè jẹrà, kò sì lè ṣe iṣẹ́ omi.

Nígbà tí èso bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kí wọ́n dín omi kù. Omi púpọ̀ ní àkókò yìí ń la èèpo tòmátì, èyí tí ó bá sì ti là kì í dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn láìbàjẹ́.