Lẹ́ǹsì kámẹ́rà wo ni kí n gbé lọ sí Tarkwa Bay?

Ìbéèrè: Ayafọ́tò ni mí ní Malu Road. Mo fẹ́ lọ sùn mọ́jú ní etíkun Tarkwa Bay, ní Èkó. Lẹ́ǹsì 18-55, 50 àti 70-300 ni mo ní. Èwo ni kí n gbé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ọ̀gá ayafọ́tò. Ẹ gbé 18-55 nìkan, pẹ̀lú bátìrì méjì. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí èbúté Àpápá ń kọjá nítòsí ibẹ̀, ẹ ò nílò 70-300 kí ẹ tó yà wọ́n. Pípààrọ̀ lẹ́ǹsì létí òkun ló ń jẹ́ kí iyanrìn wọ kámẹ́rà. Omi iyọ̀ tó ń ta síni lára nínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹ máa wọ̀ lọ síbẹ̀ tún burú jùyẹn lọ, torí ó ń jẹ irin. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé kámẹ́rà náà. Bí omi òkun bá wọ inú rẹ̀, ẹ yọ bátìrì kíá, ẹ má tàn án wò, ẹ má sì rì í mọ́ ìrẹsì. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Tírípọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ fi í sílé.