Bí A Ti Í Mú Irú Òdòdó Titun Jáde fún Ìkòkò

Ní Ajégúnlẹ̀ àti ní Àpápá, ilẹ̀ kò tó ènìyàn. Ilé fi ara ti ilé, omi a sì máa dúró ní ojúde nígbà òjò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin nǹkan níbẹ̀, inú ìkòkò ni yóò gbìn ín sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú ohun ọ̀gbìn ni ìkòkò gbà. Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí bí a ti í wá irú tí ó yẹ ìkòkò. Òdòdó chrysanthemum ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò ní gbin òdòdó láéláé yóò rí èrè nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀nà kan náà ni a gbà rí ẹ̀gẹ́ tí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lónìí.

Ilẹ̀ China ni a ti kọ́kọ́ ń tọ́jú òdòdó yìí, ó sì ti lé ní 1,000 ọdún. Ní 1789 oníṣòwò kan, Pierre-Louis Blancard, mú un dé ìlú Marseilles ní ilẹ̀ Faransé, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká. Bẹ́ẹ̀ ni mímú ohun ọ̀gbìn òkèèrè wá dán wò kì í ṣe ohun titun ní Èkó. Ní 1887 Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìdánwò kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, láti ibẹ̀ ni a ti ń pín irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ra chrysanthemum láti òkèèrè lè rí ohun ìyanu kan. Òdòdó náà yóò tanná nígbà tí kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Kì í ṣe àṣàsí, kì í sì í ṣe pé ọwọ́ ẹni tí ó gbìn ín kò dára. Ní 1920 àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Garner àti Allard, fi hàn pé àwọn ohun ọ̀gbìn kan a máa mọ gígùn ọ̀sán àti ti òru. Chrysanthemum jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí òru bá kúrú, ewé àti ẹ̀ka ni ó ń yọ. Nígbà tí òru bá gùn, a tanná. Ní ilẹ̀ òyìnbó òru kúrú púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òdòdó a sì rí àyè dàgbà kí àkókò ìtanná tó dé. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún kò ju bí wákàtí 12 àbọ̀ lọ. Nítorí náà, lójú òdòdó náà, àkókò ìtanná ti dé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń gbìn ín ní ilẹ̀ Colombia fi ń tan iná sí i lóru, kí ó lè dàgbà ná. Ooru líle pẹ̀lú a máa dá a dúró, a sì máa ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ mìíràn ni a yàn án fún. Ilẹ̀ yìí ń fẹ́ èyí tí a yàn fún un.

Báwo ni a ti í ṣe é?

Èkíní, kí a mọ ohun tí a ń wá. Òdòdó ìkòkò gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó má ga ju ìlọ́po méjì ìkòkò rẹ̀ lọ. Kí ó yọ ẹ̀ka púpọ̀, kí òdòdó rẹ̀ là pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fara da ooru. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wá kò ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá rí i.

Èkejì, kí a yan ìyá àti bàbá. Bí ọ̀kan bá fara da ooru ṣùgbọ́n tí ó ga jù, tí èkejì sì kúrú ṣùgbọ́n tí ooru ń pa á, a ó so àwọn méjèèjì pọ̀. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré mú lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan sí ẹnu òdòdó èkejì, a ó sì fi bébà bò ó kí kòkòrò má baà mú ti òmíràn wá. A ó kọ orúkọ ìyá àti bàbá àti ọjọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀ kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí a gbin irúgbìn tí ó so. Gbogbo ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí méjì nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí tí yóò jọra pátápátá. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, díẹ̀ ni a ó mú, a ó sì da ìyókù nù. Níbí ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ti í rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹyọ kan tí ó bá yege, irúgbìn rẹ̀ kọ́ ni a ó fi bí i sí i, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò tún yàtọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ó gé, ní gígùn ìka, a ó sì gbìn ín sínú iyanrìn tútù; láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yóò ta gbòǹgbò. A ó dán an wò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ilé púpọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ irú àtijọ́ kan, kí a lè rí ìyàtọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀ka tí a ń pín mọ́. Àrùn tí ó bá wà nínú ìyá yóò bá gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ lọ dé ilé aládùúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀gẹ́. Àrùn tí ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí ń fi àwọ̀ ìyeyè sí i lára, ni kòkòrò funfun kéékèèké ń gbé kiri, ni igi àrùn tí a gé gbìn sì ń gbé kiri pẹ̀lú. Láti bí 1930 sí 1940, ní Amani ní ilẹ̀ Tanganyika, Storey àti Nichols so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ igi kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà. Wọ́n tún dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà mọ́ ẹ̀gẹ́, kí ó lè ta iṣu dáradára. Irúgbìn láti ibẹ̀ dé Moor Plantation ní Ìbàdàn, níbi tí a ti yan irú kan tí a pè ní 58308. Ní 1967 a dá ilé ìwádìí IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní 1971 sì ni S. K. Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea, dé ibẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo 58308 gẹ́gẹ́ bí òbí, wọ́n sì rí TMS 30572, tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kí 1985 tó dé. Nítorí iṣẹ́ yìí ni àwọn ará Ìkirè fi í joyè àgbẹ̀. Láti Amani dé oko àgbẹ̀, ó lé ní 40 ọdún, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni ó sì parí rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní ìkòkò mẹ́wàá péré ní Ajégúnlẹ̀ má ṣe fojú kéré iṣẹ́ yìí. Bí ẹ̀ka kan bá yọ òdòdó tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, kí ó gé e, kí ó gbìn ín lọ́tọ̀; ọ̀pọ̀ irú titun ni a rí báyìí. Kí ó dá ihò sí ìdí ìkòkò kí omi lè ṣàn. Bí ó bá sì gbé ìkòkò lé inú àwo, kí ó máa da omi àwo náà nù, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí ẹ̀fọn a máa yé sínú omi tí ó dúró, òdòdó tí a gbìn fún ẹwà a sì di ohun tí ń mú àìsàn wá fún àwọn ọmọ ilé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó yàn dáradára, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì fún aládùúgbò ní ẹ̀ka tí ó mọ́, ó ti ṣe rere fún àwọn tí kò tíì bí.