Ìrora, Oògùn àti Google: Kí Ni Ìbéèrè Wa Ń Sọ Nígbà Kòrónà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù Kẹta ọdún 2020. Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà ní ìparí oṣù Kejì ni, ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì rí dókítà bá sọ̀rọ̀. Fóònù ló kù. Bí orí bá ń fọ́ni, tí ara bá ń gbóná, Google la máa ń bi: "Ṣé mo lè lo ibuprofen?" "Paracetamol mélòó ni kí n lò?"

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n á fi ya àtẹ tí ìlà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹni tó bá rí i lè sọ pé, "Ẹ ò rí i bí ara ṣe ń ro àwọn èèyàn lọ́sẹ̀ yìí!" Ẹ rọra o. Ìbéèrè nípa ìrora yàtọ̀ sí ìrora fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tòní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan láti ilẹ̀ Faransé

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2020, Olivier Véran, mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Faransé, tóun náà jẹ́ dókítà, kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sórí Twitter. Ó ní oògùn bí ibuprofen lè mú kí àrùn náà le sí i, pé kí ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbóná lo paracetamol. Kíá, ọ̀rọ̀ ti tàn kárí ayé. Ìlà ìwákiri nípa ibuprofen lórí Google fò sókè. Ní Faransé, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18, ìjọba ti pàṣẹ pé páálí paracetamol kan péré ni kí kẹ́míìsì tà fún ẹni tí kò ní àmì àìsàn, kí wọ́n ta méjì fún ẹni tó ní in.

Ṣé orí fífọ́ ló ṣàdédé di ìlọ́po ní alẹ́ ọjọ́ kan ni? Rárá o. Ìròyìn ló ru ìbéèrè sókè.

Ibo ni ìròyìn ọ̀hún ti wá? Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn olùwádìí kan kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn The Lancet Respiratory Medicine. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ibuprofen mú kí ACE2, ìyẹn ilẹ̀kùn tí kòkòrò Kòrónà ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀ sí i. Àbá ni, wọn ò tíì dán an wò lára aláìsàn. Ní ọjọ́ 17, àjọ WHO ní kéèyàn ṣì yẹra fún ibuprofen ná. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ní 2021, ìwádìí kan ní Britain lórí àwọn aláìsàn Kòrónà tó lé ní 72,000 nílé ìwòsàn fi hàn pé ikú ò pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Bá a ṣe ń ka àtẹ Google Trends

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye ìbéèrè ni àtẹ yìí ń kà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 0 dé 100 ló ń lọ, 100 sì ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná jù lọ ní àkókò àti ibi tẹ́ ẹ yàn. Ìpín ló ń wò. Ká ní ìlú kan wá nǹkan 1,000 ìgbà, tí 10 nínú rẹ̀ jẹ́ paracetamol. Ká ní ìlú kejì wá nǹkan 100,000 ìgbà, tí 500 jẹ́ paracetamol. Ìlú kìíní ló máa ga jù lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó béèrè níbẹ̀ ò tó nǹkan.

Google fúnra rẹ̀ ti jìn sí kòtò yìí rí. Ní 2008, wọ́n gbé Google Flu Trends jáde, kí wọ́n lè fi ìwákiri mọ bí àrùn gágá ṣe ń jà. Àmọ́ nígbà òtútù 2012 sí 2013 ní Amẹ́ríkà, ohun tó sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun táwọn dókítà rí. Wọ́n dá a dúró ní 2015.

Ìbéèrè wo ló wá yẹ ká máa béèrè?

"Kí ló wà nínú oògùn yìí?" Bí ara bá fara pa tàbí tí àìsàn wọ̀ ọ́, sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ prostaglandin. Òun ló ń mú kí iṣan tètè ké "yéè!" sí ọpọlọ, òun náà ló ń mú ara gbóná. Ibuprofen àti aspirin ń dí iṣẹ́ tó ń pèsè rẹ̀ lọ́wọ́. John Vane ló ṣàlàyé èyí ní 1971, ó sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Àmọ́ prostaglandin yìí náà ló ń dáàbò bo inú àti kíndìnrín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní ulcer tàbí àìsàn kíndìnrín kò fi gbọ́dọ̀ dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ lò láìbéèrè.

Inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni paracetamol ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tiẹ̀. Kì í yọ inú lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 500 mg mẹ́jọ, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o! Ó níbi tí tẹlòmíì mọ, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí orúkọ ti ń tanni jẹ rèé. Paracetamol ni Panadol, ó sì tún wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn. Ẹni tó lo méjèèjì pọ̀ lè ti lo ìlọ́po láìmọ̀. Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí ṣe l'Ábẹ́òkúta ní 1918 ńkọ́? Aspirin àti kaféènì ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sá fún ibuprofen nítorí ulcer, tẹ́ ẹ wá sá tọ Alábùkún lọ, ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ sá lọ bá yẹn.

Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni. Àmọ́ Google ò mọ̀ pé ẹ ní ulcer, kò sì mọ oògùn tẹ́ ẹ lò láàárọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí, ẹ ṣírò mg tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó bi apòògùn tó lè bi ẹ̀yin náà padà.