Ìtọ́jú Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé



Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí tí kò tó kílò 2.5, kì í ní ọ̀rá tó lè mú ara rẹ̀ móoru. Òtútù lè pa á.

Lọ́dún 1978, ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sáyà, kí ara kan ara. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa ṣe é fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, kí ó ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín ọmú ní òòró, kí ẹ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè mí dáadáa, kí ẹ wá fi ọ̀já gbá a. Bàbá náà lè gbé e. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ ké Kùránì sí i jẹ́jẹ́; ohùn òbí ń ṣe ọpọlọ ọmọ lóore.

Bí kò bá lè fa ọmú, ẹ fún ọmú sínú ife mímọ́, kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe fún un mu. Ẹ má fún un ní omi tàbí àgbo.

Ní ọjọ́ súná, ẹ lè sọ ọmọ lórúkọ, kí ẹ pa ẹran akíkà, láìgbé e jáde sáàárín èrò. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kí ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọwọ́.

Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ tutù tàbí gbóná jù, tí ó ń mí gúlegúle, tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, àyà yín ni kí ó wà dé ibẹ̀.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.