Ẹ̀kọ́ Lórí Labalábá: Ohun Tí Ọmọ Ilé-Ìwé Lè Fi Han Àgbà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òwe náà bá ojú mu, nítorí pé ìyẹ́ labalábá fẹ́lẹ́ ju ewé lọ, bí ó bá sì dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ a fàya. Síbẹ̀, irú labalábá kan wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń rin ìrìn-àjò tí ọ̀pọ̀ ẹyẹ kò lè rìn. Monarch ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ọba. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tí ó pọ́n dáadáa, iṣan dúdú la ìyẹ́ rẹ̀ já, àmì funfun wínníwínní sì wà ní etí rẹ̀. Kò wúwo tó gíráàmù kan.

Nígbà tí òtútù bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Kánádà àti ní òkè Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹjọ lọ, àwọn labalábá wọ̀nyí a gbéra, wọn a sì kọjú sí ìhà gúúsù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń rí i pé wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ibi tí wọ́n ń forí lé.

Bí Ìwádìí Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Urquhart ti Yunifásítì Toronto ní Kánádà, àti Norah aya rẹ̀, ni wọ́n fi ọ̀ràn yìí ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Kí ó tó di ọdún 1940 ni Urquhart ti ń wá ọ̀nà tí a lè gbà fi àmì sí ara labalábá láìpa á lára. Ìwé kékeré tí ó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ wọn a máa bọ́ bí òjò bá pa wọ́n. Níkẹyìn, ó rí irú ìwé alẹ̀mọ́ tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fi ń kọ iye owó sára ọjà. Lórí rẹ̀ ni a kọ nọ́ḿbà kan sí, àti ibi tí ẹni tí ó bá rí labalábá náà yóò fi í ránṣẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn méjì kò lè ká ilẹ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ní ọdún 1952, wọ́n ké sí àwọn ènìyàn láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni méjìlá péré ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ìpè náà, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹgbẹ́ wọn di ńlá, olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé sì wà láàrin wọn.

Àmì Kékeré Tí Ó Yanjú Ọ̀ràn

Ní oṣù Kìíní ọdún 1975, Ken Brugger àti Catalina Aguado, tí wọ́n ń bá Urquhart wá àwọn labalábá náà ní Mẹ́síkò, gun òkè gíga kan ní ìpínlẹ̀ Michoacán. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá àràádọ́ta ọ̀kẹ́ labalábá lórí igi. Wọ́n bo ẹ̀ka àti ìtì igi tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí èèpo rẹ̀. Àwọn ará abúlé tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ òkè ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé lọ́dọọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ni labalábá ń dé sọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn ará Kánádà ní tiwọn mọ ibi tí wọ́n ti gbéra, wọn kò mọ ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ìdajì ìmọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn kan, ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, a kò sì tíì so méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀rí dídájú kò tíì sí pé labalábá orí òkè náà ni èyí tí ó kúrò ní àríwá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1976, Urquhart fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gun òkè náà. Ẹ̀ka igi kan tí ẹrù labalábá ti wúwo jù fún ṣẹ́, ó sì já lulẹ̀. Láàrin àwọn tí ó bá ẹ̀ka náà bọ́ ni ó ti rí ọ̀kan tí ìwé funfun wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a yẹ nọ́ḿbà rẹ̀ wò, a rí i pé olùkọ́ kan àti ọmọkùnrin méjì tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ní ìlú kékeré Chaska ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Láti ibẹ̀ dé orí òkè náà ju 1,700 máìlì lọ.

Báyìí ni ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi nǹkan bí ogójì ọdún wá ṣe di dídájú nípa iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé. Kò sí agbára ńlá nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n rọra mú labalábá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n kọ nọ́ḿbà, ọjọ́ àti ibi sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ì bá ṣe pé wọ́n fi ọ̀lẹ pa àkọsílẹ̀ tì, tàbí pé wọ́n kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìwé orí òkè náà ì bá jẹ́ ìwé lásán. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ewu Tí Ó Dé Bá Wọn

Láti ọdún 1992 ni ẹgbẹ́ Monarch Watch ní Yunifásítì Kansas ti ń fi irú ìwé alẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwé àti ilé àwọn ènìyàn, iye labalábá tí a sì ti fi àmì sí ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i ni labalábá ń dín kù. Ní ìgbà òtútù ọdún 1996 sí 1997, igbó tí wọ́n bò ní Mẹ́síkò tó nǹkan bí hẹ́kítà 18. Ní ti ọdún 2013 sí 2014, hẹ́kítà 0.67 péré ni. Gígé igi lórí òkè wà nínú ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti inú oko wá. Kòkòrò tí ń di Monarch kì í jẹ ewé mìíràn bí kò ṣe ti àwọn ewéko kan tí ń sun oje funfun, tí wọ́n sábà máa ń hù láàrin àgbàdo. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń fi oògùn apakoríko fín oko àgbàdo àti ti ẹ̀wà sóyà, ewéko náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú oko.

Nítorí èyí, láti ọdún 2005, ẹgbẹ́ náà ń rọ àwọn ènìyàn láti gbin ewéko olóje náà pẹ̀lú òdòdó sí àgbàlá ilé-ìwé, sí ẹ̀yìnkùlé àti sí ẹ̀bá ọ̀nà láàrin ìlú. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tún ti di ńlá, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìdí yóò tu ewéko náà dànù bí koríko lásán, àfi bí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n bá ṣàlàyé fún un.

Ìbátan Rẹ̀ Ní Ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe ìlú òkèèrè nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Monarch ní ìbátan kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Danaus chrysippus. Òun náà ní àwọ̀ ọsàn, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tòtò funfun sì wà nínú dúdú náà. Ewé tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ ni ti bomubómu àti àwọn ẹbí rẹ̀. Bomubómu ni ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn, tí èso rẹ̀ wú bí àpò, tí àwọn Fúlàní fi oje rẹ̀ ń dì wàrà. Ẹ̀bá ọ̀nà, orí ààtàn àti ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí láàrin ìlú ni ó sábà máa ń hù sí.

Labalábá náà a yé ẹyin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sára ewé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò yóò jáde, ó ní ilà dúdú, funfun àti àwọ̀ ìyeyè, ó sì ní ìwo dúdú rírọ̀ mẹ́fà. Yóò jẹun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, yóò máa bọ́ awọ bí ejò. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ìdí so ara rẹ̀ rọ̀, orí rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀, awọ rẹ̀ yóò bọ́, yóò sì dà bí èso kékeré tí kò mira. Inú rẹ̀ ni labalábá yóò ti jáde.

Oró inú oje bomubómu a máa wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹyẹ tí ó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò bì, kò sì ní fẹ́ tún un jẹ. Labalábá mìíràn wà, Hypolimnas misippus, tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ ewé pápásan. Kò ní oró, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ a máa ṣì í mọ̀. Akọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá: dúdú ni, tòtò funfun ńlá sì wà lára rẹ̀.

Èyí Tí Ó Ń Ba Oko Jẹ́ àti Èyí Tí Kì Í Bà Á Jẹ́

Àgbẹ̀ kò jẹ̀bi bí ó bá bínú sí kòkòrò, nítorí pé àwọn kan wà tí ń jẹ ohun ọ̀gbìn. Kòkòrò labalábá ńlá kan, Papilio demodocus, a máa jẹ ewé ọsàn àti ti ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà tí ó kéré, ó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Bí ó bá dàgbà, ó di àwọ̀ ewé, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, yóò yọ ìwo pupa olóòórùn jáde. Kòkòrò dúdú onírun líle ti labalábá Acraea a máa jẹ ewédú. Fífi ọwọ́ ṣà wọ́n kúrò lára ọsàn kékeré àti lórí ebè ewédú tó. Oògùn tí a bá fín káàkiri yóò pa àwọn oyin àti labalábá tí ń gbé àtíkè òdòdó kiri, láìsí èyí tí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn kì yóò so dáadáa. Kòkòrò orí bomubómu kì í jẹ ọsàn, kì í sì í jẹ ewédú. Ẹni tí ó pa á kò gba oko kankan là.

Iṣẹ́ Fún Akẹ́kọ̀ọ́

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ibì kan ṣoṣo láàrin ìlú, bí àgbàlá ilé-ìwé, ọgbà ilé ìsìn tàbí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sì máa lọ síbẹ̀ ní wákàtí kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

2. Kí ó kọ ọjọ́, ibi, irú labalábá àti ewéko tí ó bà lé sínú ìwé. Bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀.

3. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan oje bomubómu, nítorí pé ó lè ba ojú jẹ́. Bí ó bá kan ọwọ́, kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ojú.

4. Kí ó mú ọmọdé kan àti àgbà kan lọ wo ohun tí ó rí, kí ó sì fi kòkòrò ewédú àti ti bomubómu hàn wọ́n.

Ní Èkó, ọgbà Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, pa hẹ́kítà 78 ilẹ̀ igbó àti àbàtà mọ́ láàrin ilé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bomubómu kan létí ògiri tó láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fi hàn dájú pé labalábá orí òkè Michoacán ti àríwá wá?

2. Èéṣe tí oògùn apakoríko fi lè pa labalábá run láìkàn án?

3. Kòkòrò wo ni ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣà dànù, èwo ni ó sì yẹ kí ó fi sílẹ̀?