Ta Ni Ó Kù ní Ilé Ọ̀rẹ́ Wa? Ẹ̀kọ́ Lórí Májẹ̀mú Dáfídì àti Jónátánì

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 18:1–4, 20:12–17, 2 Sámúẹ́lì 9, 16:1–4, 19:24–30

Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nígbàkúùgbà tí a bá pé jọ fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí a sì wo àwòrán kíláàsì àtijọ́, a máa ń rí i pé òótọ́ ni. Ikú ti mú àwọn kan lọ. Ọ̀nà jíjìn ti ya àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n tilẹ̀ ń jọ́sìn nínú ìjọ kan náà, tí wọn kò sì kí ara wọn mọ́. Bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀kan nínú nǹkan méjì la sábà máa ń bá nídìí rẹ̀: owó tí ẹnìkan yá tí kò san, tàbí àṣírí ìdílé tí ẹnìkan mọ̀ nípa ẹnìkejì, tí ó sì jẹ́ kí ó jáde lẹ́nu òun. Nígbà mìíràn, méjèèjì a máa rìn pọ̀.

Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa Dáfídì àti Jónátánì, a sábà máa ń dá ẹ̀kọ́ náà dúró síbi tí àwọn méjèèjì ti sunkún nínú pápá, tí wọ́n sì pínyà. Lójú tiwa, ìdánwò tí ó le jù ṣì wà níwájú. Lẹ́yìn ikú Jónátánì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìtàn ilé Sọ́ọ̀lù dé, ìgbà náà ni a sì mọ ohun tí májẹ̀mú ọ̀rẹ́ náà wọ̀n.

1. Ọ̀rẹ́ tí ó mọ ohun tí yóò ná òun

Jónátánì ni àrẹ̀mọ ọba. Òun ni ó bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀ fún Dáfídì, ó sì fi idà, ọrun àti àmùrè rẹ̀ kún un. Baba rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un: ó sọ fún un gbangba pé níwọ̀n ìgbà tí Dáfídì bá wà láàyè, ìjọba kò ní í dúró mọ́ ọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, Jónátánì kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó béèrè. Kò béèrè oyè tàbí owó. Ohun tí ó béèrè ni pé kí Dáfídì má ṣe gé àánú rẹ̀ kúrò ní ilé òun títí láé. Ó mọ̀ pé ní ayé ìgbà náà, ọba tuntun a máa pa ìdílé ọba àtijọ́ run. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà yé ara wọn yékéyéké, wọ́n sì búra níwájú Olúwa.

2. Ọmọ tí ó wà ní Lódébárì

Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú sí òkè Gílíbóà. Mefibóṣẹ́tì, ọmọ Jónátánì, jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà náà. Bí olùtọ́jú rẹ̀ ti ń gbé e sá lọ, ọmọ náà ṣubú, ó sì yarọ. Nígbà tí a tún gbúròó rẹ̀, ilé Mákírì ní Lódébárì ni ó wà, kò sí láàfin. Dáfídì ní láti wádìí lọ́wọ́ Síbà, ìránṣẹ́ ilé Sọ́ọ̀lù, kí ó tó mọ ibi tí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

Nígbà tí Mefibóṣẹ́tì dé iwájú ọba, ó dojúbolẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ wé òkú ajá. Ó mọ ẹni tí baba-ńlá òun jẹ́. Sọ́ọ̀lù ni ó ju ọ̀kọ̀ sí Dáfídì, òun ni ó sì lé e kiri inú aginjù. Dáfídì lè ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó má bẹ̀rù, ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì fún un láyè nídìí tábìlì ọba, nítorí Jónátánì. Ó mọ ìtàn ilé náà tinú-tẹ̀yìn, kò sì fi dá ọmọ náà lẹ́bi.

3. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọ̀ ọ́

Síbà, tí ó ní ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20, ni ọba ní kí ó máa ro ilẹ̀ náà fún Mefibóṣẹ́tì. Nígbà tí Ábúsálómù ṣọ̀tẹ̀, tí Dáfídì sì ń sá kúrò ní Jerúsálẹ́mù, Síbà pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, ìṣù àkàrà 200, èso àjàrà gbígbẹ, èso ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgò awọ wáìnì kan. Nígbà tí ọba béèrè ọ̀gá rẹ̀, ó ní ó jókòó sí Jerúsálẹ́mù, pé ó ń retí kí ìjọba baba-ńlá rẹ̀ padà sọ́wọ́ òun.

Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ náà. Ìtàn ilé tí Dáfídì ti gbé tì ni Síbà tún gbé jáde, ó sì fi gba ilẹ̀. Ó ti rẹ ọba, ebi ń pa á, ọmọ bíbí inú rẹ̀ sì ń lé e. Lójú ẹsẹ̀ ni ó fi gbogbo ohun ìní Mefibóṣẹ́tì fún Síbà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Dáfídì ṣìnà níhìn-ín. Ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò.

Láàárín ọjọ́ ìpọ́njú yẹn kan náà, àwọn mẹ́ta kan gbé ibùsùn, àlìkámà, ọkà bálì, oyin àti oúnjẹ mìíràn wá fún Dáfídì ní Máhánáímù. Ọ̀kan nínú wọn ni Mákírì ará Lódébárì, ẹni tí ó gba ọmọ Jónátánì sílé. Bí ó bá ṣe pé ìtàn ìdílé nìkan la fi ń mọ ọ̀tá, òun ni à bá kọ́kọ́ fura sí.

4. Ìdájọ́ àti ìdáhùn

Nígbà tí ọba padà, Mefibóṣẹ́tì wá pàdé rẹ̀. Kò tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe, kò sì fọ aṣọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọba ti lọ. Ó ṣàlàyé pé ìránṣẹ́ òun ni ó tan òun jẹ, pé arọ ni òun. Dáfídì ní kí òun àti Síbà pín ilẹ̀ náà. Mefibóṣẹ́tì fèsì pé kí Síbà máa kó gbogbo rẹ̀, níwọ̀n bí ọba ti dé ilé ní àlàáfíà.

Ìdáhùn yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi pa ẹni tí a rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ náà. Òun nìkan ni ó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó láṣẹ láti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Májẹ̀mú náà gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò kú: nígbà tí àwọn ará Gíbéónì béèrè ọmọ Sọ́ọ̀lù láti pa, Dáfídì dá Mefibóṣẹ́tì sí nítorí ìbúra tí ó wà láàárín òun àti Jónátánì.

5. Ohun tí a rí kọ́

Ìkíní, kí ọ̀rọ̀ owó láàárín ọ̀rẹ́ ṣe kedere. Bí a bá yá ara wa lówó, tàbí tí a dúró fún ara wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn ara wọn bí ẹ̀mí ara wọn pàápàá búra.

Ìkejì, bí a bá ń jà nítorí owó, kí a jà mọ nítorí owó. Ohun tí ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa lóru nínú yàrá ìsùn ilé-ẹ̀kọ́, nípa gbèsè baba rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe bí i, kì í ṣe ohun ìdógò tí a óò gbé jáde lọ́jọ́ tí kò bá rí owó san.

Ìkẹta, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni ní ìpàdé kí ẹ tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín mọ òtítọ́ nípa ìdílé wọn, ohun tí ẹ jẹ àti ohun tí a jẹ yín, àti àwọn ọ̀rẹ́ yín tòótọ́. Bí ẹ bá fi í pamọ́, irú Síbà ni yóò sọ ọ́ fún wọn, bí ó bá sì ṣe wù ú ni yóò ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ló mú kí ó rọrùn fún Dáfídì láti gba Síbà gbọ́?
2. Ta ni a ti dá lẹ́jọ́ rí láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, báwo ni a sì ṣe lè tún un ṣe?
3. Nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ti sùn, ta ni ó fi ọmọ sílẹ̀ tí a kò tíì bẹ̀ wò?

Ìbéèrè kẹta yìí ni Dáfídì kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó kù ní ilé náà? Kí a tó kúrò níbi àjọ̀dún yìí, kí olúkúlùkù wa béèrè rẹ̀ nípa ọ̀rẹ́ kan, kí a sì wá Lódébárì tirẹ̀ lọ. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń pa májẹ̀mú mọ́. Àmín.