Bí A Ṣe Ń Wa Ìjàpá Nínú Òjò Ńlá

Ọkọ̀ tí à ń pè ní Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, kò wúwo. Púpọ̀ nínú wọn kò ju nǹkan bíi 800 kìlógíráàmù lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìwà rẹ̀ kí òjò tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Níwájú, táǹkì epo àti sìpíà táyà ló gba ibẹ̀. Bí a bá pín ìwúwo rẹ̀ sọ́nà mẹ́wàá, bíi mẹ́fà wà lẹ́yìn, mẹ́rin wà níwájú. Ó dà bíi kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n di àpò ìrẹsì mọ́ lẹ́yìn: ẹ̀yìn á di ilẹ̀ mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n iwájú á fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń ti ọkọ̀ lọ kì í tètè yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ iwájú tó ń darí ọkọ̀ kò tẹlẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi epo díẹ̀ rìn lásìkò òjò. Táǹkì yẹn ń gba nǹkan bíi 40 lítà, èyí tó wúwo tó 30 kìlógíráàmù, ibi tí a ti nílò ìwúwo gan-an ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí jù. Bí omi bá dúró lórí ọ̀dà, táyà gbọ́dọ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè kan ilẹ̀. Ilà ara táyà ló ń fún omi náà lọ́nà. Bí eré bá pọ̀ jù, omi ò ní ráyè sá mọ́. Yóò wọ abẹ́ táyà, yóò sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ NASA ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń wádìí bí bàálù ṣe ń balẹ̀ sórí ọ̀dà tó tutù, rí i pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe tètè léfòó tó. Ẹ wá wo Ìjàpá o. Ìwé rẹ̀ àtijọ́ ní ká fi nǹkan bíi 16 síwájú lórí géèjì fọ́kànáísà, kí ẹ̀yìn gba bíi 24. Nínú ìṣirò àwọn NASA, táyà tí ilà rẹ̀ ti parẹ́, tó ní 16 nínú, lè léfòó láti nǹkan bíi kìlómítà 66 ní wákàtí kan. Èyí tó ní 36 á dé nǹkan bíi 100 kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, kí ló dé tí a ò kúkú fún iwájú ní 36? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn yẹn ló ń mú ìdí ọkọ̀ dúró sáyè rẹ̀ ní kọ́nà. Bí fọ́kànáísà bá fẹ́ fi iye kan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé ìwé. Táyà tí ilà rẹ̀ jìn àti eré tó mọ níwọ̀n ni kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ léfòó. Níbi tí omi bá ti dúró, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ti tó. Bí sítíárìn bá ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ti wà lórí omi nìyẹn: ẹ dì í mú ní ọ̀gangan, ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má yí sítíárìn, ẹ má tẹ bíréèkì, títí táyà á fi tún kan ilẹ̀.

Ní kọ́nà, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ fún ọkọ̀ ṣe. Ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ tààrà, ẹ já jíà sílẹ̀, ẹ wá yí, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí tọ́tù títí ẹ ó fi jáde. Ẹni tó bá fi eré wọ kọ́nà, tí ẹ̀rù wá bà á, tó ká ẹsẹ̀ kúrò lójijì, ó ti sọ ìwúwo síwájú. Ìdí ọkọ̀ á gbéra sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn púpọ̀ nínú Ìjàpá á sì ká wọ abẹ́ ọkọ̀ nítorí bí wọ́n ṣe so ó mọ́ jíà. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn yẹn á wá fa ọkọ̀ yí po. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù fún èyí, torí epo àti eruku tí ẹ̀ẹ̀rùn kó sórí títì á di ọṣẹ ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́.

Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Ẹ wo òpó kan. Bí ọkọ̀ yẹn bá kọjá rẹ̀, ẹ máa kà wọ́ọ́rọ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bí ẹ bá dé ìdí òpó náà kí ẹ tó ka ẹ̀rin tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Gíláàsì iwájú máa ń bu kùrukùru látinú. Ẹ ṣí fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta yẹn díẹ̀, kí atẹ́gùn wọlé, kí aṣọ ìnura gbígbẹ sì wà nítòsí. Nínú àwọn kan, afẹ́fẹ́ sìpíà táyà ló ń ti omi tí ń fọ gíláàsì, nítorí náà ẹ máa yẹ sìpíà wò. Iná iwájú ni kí ẹ tàn. Ẹ má tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Bí méjèèjì bá ń ṣẹ́jú, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ fẹ́ yà?

Lórí Afárá Third Mainland ní Èkó, atẹ́gùn ọ̀sà á máa ti ọkọ̀ fúyẹ́ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tírélà tó bá kọjá á sì da omi bò yín lójú. Ẹ di sítíárìn mú kó tó kàn yín.

Àwọn àgbà á ní Ìjàpá mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí irin pẹlẹbẹ ló bo abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní abẹ́ yẹn gùn ní mítà 2.5, tó sì fẹ̀ ní 1.2. Omi tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga jù ú lọ á gba 300 kìlógíráàmù kúrò lára ìwúwo tó ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 27 péré á gbé odindi ọkọ̀, odò á sì máa darí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 kò nílò àlàyé mi. Bí omi bá ń ṣàn lójú títì, ẹ dúró, tàbí kí ẹ yí padà.

Bí ẹ bá la omi tí kò ṣàn, tí kò sì jìn kọjá, dúróòmù bíréèkì á ti tutù, kò sì ní mú. Ẹ rọra fi ẹsẹ̀ kàn án bí ọkọ̀ ṣe ń lọ jẹ́jẹ́, títí á fi gbẹ, tí á sì tún mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń wúkọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ìdérí dísítíríbútọ̀ àti àwọn wáyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè, torí abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì. Omi tó bá sùn síbẹ̀ ló máa ń jẹ irin náà. Ẹ fà á gbẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí afẹ́fẹ́ á fi gbẹ ibẹ̀ tán.